Ẹ Wádìí Ohun Tó Lé Oorun Lọ Kí Ẹ Tó Ra Oògùn Oorun

Ọ̀kan lára oògùn tó rọrùn jù láti rà nígboro wa ni oògùn oorun. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọjọ́ mélòó kan á yà sí kẹ́míìsì ìtòsí ilé, á ní, “Ẹ bá mi wá nǹkan tí mo lè fi sùn.” Ẹni tó ń tajà kò ní bi í pé kí ló gba oorun lójú ẹ̀. Á gé Valium tàbí Lexotan lé e lọ́wọ́, á gbowó ẹ̀, ó parí. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dé kẹ́míìsì. Piriton tí wọ́n rà nítorí ara yíyún, Phenergan tí wọ́n rà fún ọmọ, tàbí ife paraga kan lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ni wọ́n fi ń wá oorun.

Ìkìlọ̀ tí à ń ṣe lónìí kò pọ̀ lẹ́nu. Àìróorunsùn tó bá ti pẹ́ lára èèyàn kì í sábà dá rìn. Ohun kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú ara tàbí nínú ọkàn. Ẹni tó bá ń fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́ láìwádìí, àìsàn gan-an ló ń fún láyè kó fìdí múlẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

ÀÌSÙN WO LÓ TI DI ÀÌSÀN?

Kò sí ẹni tí oorun kì í dá lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tí onílé ní kó kó jáde, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná: bí wọn kò bá sùn dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀, àìsàn kọ́ nìyẹn. Bí ohun tó ń dà wọ́n láàmú bá ti kọjá, oorun á padà. Bákan náà ni ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Mowé, tó ń jí ní aago 4 ìdájí kó lè tètè dé ibi iṣẹ́ l'Ékòó, tí kì í sì í wọlé kí aago 9 alẹ́ tó lù. Àyè ni kò ní, oorun kò sá fún un. Lọ́jọ́ tó bá rí ìsinmi, fọnfọn ni yóò sùn. Ó yẹ kí àgbàlagbà máa sùn tó wákàtí 7, ó kéré tán, lóru kan. Ẹni tó ń fi wákàtí 4 gbé e, ọ̀nà tó lè gbà rí àyè sùn ni kó wá, kì í ṣe oògùn.

Èyí tó ti di àìsàn ni kí èèyàn ráyè sùn, kí ibùsùn wà, kí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, kí ẹ̀fọn má jẹ ẹ́, síbẹ̀ kí oorun má wá, tàbí kó wá kó tún lọ láàárín òru. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní òru 3, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó ń ba iṣẹ́ ọjọ́ kejì jẹ́, tó sì ti pé oṣù 3, àwọn oníṣègùn kà á sí àìsàn tó gba ìtọ́jú. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó máa ka oṣù 3 o. Àwọn àmì kan wà tí a kì í fi di ọ̀la, a ó sì mẹ́nu bà wọ́n.

OHUN TÓ Ń BẸ LẸ́YÌN RẸ̀

Bí oorun ṣe ń lọ lójú èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí ohun tó ń ṣe é. Ẹni tí àìbalẹ̀ ọkàn ń bá jà, orí ibùsùn ni gbogbo èrò ti ń ká a mọ́: owó ilé-ìwé ọmọ, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ níbi iṣẹ́, àyà tó ń já láìnídìí. Á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, aago 2 òru á lù. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú lè tètè sùn lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí àkùkọ tó kọ, ojú rẹ̀ á ti là, ọkàn rẹ̀ á wúwo, ayé á sú u. Ìdájí yẹn ló máa ń le jù fún un. Oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ní ti ẹni tí adigunjalè ká mọ́lé, tàbí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, tàbí ẹni tó yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, àlá ohun tí ojú rẹ̀ rí ni kì í jẹ́ kó sùn. Á ta gìrì, òógùn á bò ó, títí tí ẹ̀rù àtisùn fúnra rẹ̀ á fi máa bà á.

Àwọn kan wà tí tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Wọn kì í sùn, kò sì rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń sùn wákàtí 7 tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí 2 gbé e, agbára rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Á máa sọ̀rọ̀ láìdánudúró, á máa ná owó tí kò ní, á máa pe èèyàn lóru láti ròyìn ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tó fẹ́ dá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí pé Ọlọ́run ti yan òun láti tún Nàìjíríà ṣe. Ará ilé lè kọ́kọ́ máa yọ̀ pé ọmọ àwọn ti di akíkanjú. Irú èyí sábà máa ń jẹ́ àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní bipolar, àìsùn sì wà lára àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọjú kí ọ̀rọ̀ tó di ńlá. Ẹbí tó bá mọ̀ pé ọmọ àwọn ti ní irú rẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí oorun rẹ̀ bá ti ń dín kù ni kí wọ́n ti mú un padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀.

Yorùbá ní àwọn ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà ròyìn àìsàn ọkàn. “Nǹkan ń rìn nínú orí mi.” “Orí mi ń gbóná.” “Àyà mi ń já pà.” Ọ̀dẹ̀ orí ni wọ́n ń pè é, àìróorunsùn sì sábà máa ń bá a rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé lórí ọ̀dẹ̀ orí ní 1987. Ohun tó hàn ni pé lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ráhùn rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò purọ́ o. Ohun tí wọ́n ń sọ ń ṣe wọ́n lóòótọ́. Kòkòrò ni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ni oògùn ibà àti oògùn taifọ́ọ̀dù tí wọ́n ń mu léraléra kò ṣe ran ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ara náà lè lé oorun lọ. Ìtọ̀ ṣúgà tó ń jí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹrin lóru wà níbẹ̀, ikọ́ fée, oríkèé ríro àti gẹ̀gẹ̀ tó ń mú àyà sáré náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń hanrun gidigidi, tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró láàárín oorun tí yóò tún mí gúlegúle, tó ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tó sì ń tòògbé níbi tó ti ń wa ọkọ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń pa dé lóru. Àìsàn yìí sábà máa ń wà lára ẹni tó sanra tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí irú wọn bá lo oògùn oorun tàbí tí wọ́n mu ọtí kí wọ́n tó sùn, ewu ọ̀hún ni wọ́n ń dá kún.

ÌYÁLỌ́MỌ TÍ KÒ LÈ SÙN

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń lọ wẹ ọmọ fún ìyálọ́mọ, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Oorun ìyálọ́mọ kì í pé, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tí ẹ ó máa wò ni èyí: bí ẹ bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ sùn, tí ilé dákẹ́, ṣé òun náà ń sùn? Bí kò bá sùn fún òru méjì sí mẹ́ta, tó ń rìn káàkiri, tó ń wo ọmọ pẹ̀lú ìfura, tó ń ní òun kọ́ ló bí i, tàbí tó ń dá ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lóhùn, àbísínwín nìyẹn ń bọ̀.

Nínú 1,000 ìyá tó bímọ, bíi 1 tàbí 2 ni ó máa ń ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ní bipolar tẹ́lẹ̀, tàbí tí àbísínwín ti ṣe rí nígbà tó bí ọmọ ìṣáájú, ewu tirẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà oyún ló ti yẹ kó sọ fún nọ́ọ̀sì àti dókítà. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ má jókòó máa wádìí ẹni tó ń ṣe é nílé ọkọ. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Àbísínwín ní ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ló sì ti gbádùn, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn.

Ọ̀RỌ̀ OGUN ÒRU

“Wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lójú oorun. Mi ò lè pariwo, mi ò lè gbé ọwọ́.” Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Ogun òru ni a ń pè é, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó ilé kan ni wọ́n sì máa ń nàka sí. Ní 2007, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé lórí ogun òru láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì fi wé àwọn àìsàn ojú oorun tí ìṣègùn òde òní mọ̀.

Bí ó ṣe rí nìyí. Nígbà tí èèyàn bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń de iṣan ara kí a má baà dìde máa jà tàbí máa sá bí a ṣe ń rí i lójú àlá. Láti 1953 ni àwọn onímọ̀ ní Chicago ti ròyìn irú oorun yìí, èyí tí ẹyinjú ń sáré kiri nínú ìpéǹpéjú. Nígbà mìíràn, ọpọlọ á jí kí iṣan tó tú sílẹ̀. Fún ìwọ̀nba àkókò tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, èèyàn á lajú, àlá kò tíì kúrò lójú ẹ̀, ara kò sì gbọ́ tirẹ̀. Á rí òjìji, á sì dà bíi pé wọ́n jókòó lé e láyà. Ó ń ṣe àwọn ará Japan, ó ń ṣe àwọn ará Newfoundland ní Kánádà, tí wọ́n máa ń sọ pé arúgbó obìnrin kan ló ń gun àwọn. Kì í pani. Àìsùntó àti fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn máa ń mú un wá lemọ́lemọ́. Nítorí náà, kí a tó ba àárín ẹbí jẹ́ nítorí ohun tí a rí ní aago 3 òru, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iye wákàtí tí ẹni náà ń sùn.

Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru kọ́ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú oorun, tó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, tó tọ̀ sára, wárápá ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́, ó sì ní oògùn. Bàbá àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìyàwó rẹ̀ lójú oorun torí pé ó ń jà lójú àlá, ẹ má bá a jà, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ó lè jẹ́ ìṣáájú àìsàn gbígbọ̀n tí wọ́n ń pè ní Parkinson.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ àwọn pásítọ̀, wòlíì àti àlùfáà ni pé kí wọ́n má fi ìṣọ́ òru àti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú ẹni tí kò rí oorun sùn. Àìsùn máa ń ru bipolar sókè, ó sì máa ń mú kí wárápá gbé èèyàn. Ẹni tó yẹ kó sinmi ni wọ́n fi ń ṣọ́ òru yẹn. Ẹ gbàdúrà fún un lọ́sàn-án, kí ẹ jẹ́ kó sùn lóru.

Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ewé àti egbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Reserpine, èròjà tí àwọn òyìnbó yọ lára ẹbí rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ní 1952, wà nínú tiwa náà. Ó ń mú ara rọ̀, àmọ́ ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ débi tí èèyàn lè dá kú, ó sì lè mú ìbànújẹ́ ọkàn wúwo sí i. Bí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún mu àgbo rẹ̀, ó léwu púpọ̀.

EWU INÚ OÒGÙN OORUN

Ẹ jẹ́ ká padà sí kẹ́míìsì. Valium, Lexotan àti àwọn ẹbí wọn wúlò bí dókítà bá kọ wọ́n fún ìgbà díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara á mọ́ wọn. Ẹyọ kan tó ń mú èèyàn sùn lóṣù tó kọjá kò ní tó mọ́. Á di méjì, á di mẹ́ta, á di bárakú. Ní 2020, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára páálí wọn nítorí bárakú yìí.

Bí ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ bá dá a dúró lójijì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àìsùn á padà wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gìrì pàápàá lè mú un. Ìdí nìyí tí a kò fi ní sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó da oògùn nù lónìí. Kó lọ bá dókítà, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àgbàlagbà tó lò ó lè ṣubú bó bá dìde tọ̀ lóru, kí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́; ó sì ń jẹ́ kí arúgbó máa gbàgbé. Awakọ̀ tó lò ó lálẹ́ lè máa tòògbé lórí ìjókòó ọkọ̀ láàárọ̀. Èyí tó burú jù ni pípa á pọ̀ mọ́ ọtí, tramadol tàbí kodíìnì: àpapọ̀ wọn lè dá èémí dúró. Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkodíìnì wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò tán nígboro. Ọtí nìkan pàápàá ń tan èèyàn jẹ ni. Ó lè tètè gbé èèyàn sùn, ṣùgbọ́n á já oorun náà láàárín òru.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE NÍLÉ ÌWÒSÀN

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù oníṣègùn ọpọlọ torí wọn kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìbéèrè ló fi ń bẹ̀rẹ̀: ìgbà wo lẹ ń sùn, ìgbà wo lẹ ń jí, kí lẹ ń mu, oògùn wo lẹ ń lò, ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí, ṣé ayé ti sú yín débi pé ẹ fẹ́ kú? Ó lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ó lè ní kí ẹ máa kọ àkókò oorun yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ sọ òótọ́ fún un, títí kan paraga àti igbó.

Fún àìróorunsùn tó ti pẹ́, ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbà ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò láti 2016 kì í ṣe oògùn. Ìkọ́ni ni, tó ń tún ìwà àti èrò èèyàn nípa oorun tò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Ẹ máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú. Ẹ má jẹun, ẹ má tẹ fóònù, ẹ má ṣírò gbèsè lórí ibùsùn. Bí oorun kò bá wá láàárín bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ jókòó síbòmíràn níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí ẹ padà nígbà tí oorun bá ń kùn yín. Ẹ má fi ọ̀sán sùn dí ti òru. Obì, kọfí àti ohun mímu agbára, ẹ má fẹnu kàn wọ́n lẹ́yìn ọ̀sán. Dókítà tún lè dín àkókò tí ẹ ń lò lórí ibùsùn kù fún ìgbà díẹ̀ kí oorun lè ki, kó tó máa fi kún un. Ẹ má dá ìyẹn ṣe fúnra yín, pàápàá ẹni tó ní bipolar tàbí wárápá.

Bí ó bá jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, oògùn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá mu ún. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá mu ún lọ́jọ́ mẹ́rin tó sì sọ ọ́ nù kò tíì tọ́ ọ wò.

Ẹ MÁ BẸ̀RÙ ARO

“Àbí o fẹ́ lọ Aro ni?” Èébú ni wọ́n fi ń ṣe, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó yẹ ká fi yangàn ni Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dá ètò kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú láti ilé ìwòsàn. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa rẹ̀, Lambo sì padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá l'Ékòó ti wà láti 1907. UCH n'Íbàdàn, LASUTH n'Íkẹjà àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀ náà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í sùn síbẹ̀ rárá. Wọ́n á rí dókítà, wọ́n á gba ọjọ́ tí wọn ó padà wá, wọ́n á sì lọ ilé.

Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti ọdún 1916 bọ̀, ó sì fún aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́. Síbẹ̀ àwọn ilé kan ṣì wà tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà wọ́n ní pàṣán. Kò sí wèrè tí ẹgba wò sàn rí.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la nìyí: ẹni tí kò sùn fún òru méjì, mẹ́ta tí kò sì rẹ̀ ẹ́; ìyálọ́mọ tí ìṣe rẹ̀ yí padà; ẹni tó ń gbọ́ ohùn; ẹni tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú. Ẹni ìkẹyìn yìí, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti májèlé kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù.

Ní ti gbogbo ẹ̀yin yòókù, oògùn oorun tí dókítà kò kọ fún yín, ẹ má rà á. Èyí tí ẹ ti ń lò lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, kí ẹ tó gé páálí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ bi í pé kí ló gba oorun lójú rẹ̀, kí ẹ sì júwe ilé ìwòsàn fún un.